Òṣùwọ̀n Méjì ní Fọ́ọ̀mù Kẹta

Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà, olùkọ́ fisíìsì wa ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, ni ẹni àkọ́kọ́ tó fìyà jẹ mí nítorí òtítọ́. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn.

Òórùn ẹja yíyan ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi máa ń lọ ra ẹja ní Makoko kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì ti máa yan án fún títà ní ilé wa ní Mùṣín nígbà tí a bá ń wẹ̀ fún ilé-ìwé. Kò sí ọṣẹ tó lè mú òórùn yẹn kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù mi. Lọ́jọ́ náà n kò bìkítà. Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà ti ṣèlérí pé a óò fọwọ́ kan àwọn ohun èlò fisíìsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀, inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n wà, a kàn ń wò wọ́n bí ẹni ń wo búrẹ́dì tí kò ní jẹ.

Ara tí kì í balẹ̀ ni Ọlọ́run fún mi. Olùkọ́ ti kọ ọ́ sójú pátákó pé ipá kò ju títì tàbí fífà lọ: ó lè mú ohun tó dúró rìn, ó lè dá ohun tó ń rìn dúró, ó lè yà á lọ́nà, ó sì lè ba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà náà n kò jókòó mọ́. Mò ń ti dúrọ́ọ̀mù omi kí n lè mọ ìgbà tí yóò gbà láti kúrò lójú kan. Mò ń fún aṣọ tútù títí yóò fi lọ́ bí okùn. Mò ń gbá táyà tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ń yí, kí n lè wo ibi tí yóò yà sí, kí wọ́n sì máa lé mi kiri.

Ìyá mi a pariwo láti ìdí ààrò. "Mojí! Kí ni dúrọ́ọ̀mù yẹn fi ṣe ọ́? Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o!"

"Màámi, mo fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó ni."

"Tó bá ṣubú lù ọ́ lẹ́sẹ̀, wàá mọ̀."

Ohun kan ṣoṣo ló ń lé mi. Ní ìparí ọdún yẹn, olùkọ́ fisíìsì ni yóò sọ àwọn tí yóò lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ọmọbìnrin tí kò bá mú, ìdáná àti aṣọ rírán ló kàn án. Mo fẹ́ kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà ju ohunkóhun lọ.

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà mú òṣùwọ̀n kékeré méjì jáde, irú èyí tó ní sípíríǹgì nínú àti ìkọ́ lẹ́nu, tó ń ka iye ipá tí a fi fà á, ó sì fi ìkọ́ ọ̀kan kọ́ ti ìkejì. Ó pe Ráúfù, ọmọ mẹkáníìkì kan ní Pápá Àjàó, tí ọkọ̀ títì ti mú apá rẹ̀ le. Ó pe èmi náà, tí mo tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Ó ní kí oníkálukú di ọ̀kan mú, kí a máa fà á.

"Òṣùwọ̀n ta ni yóò ka iye tó pọ̀ jù?"

"Ti Ráúfù, sà!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

"Ráúfù, rọra o! Má fa Elẹ́ja lápá yọ!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Elẹ́ja ni wọ́n ń pè mí, nítorí òórùn aṣọ mi.

"Ó dájú," ni Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà wí. "Ẹni tó lágbára jù ni tirẹ̀ máa pọ̀ jù." Jọ́gíráfì ni ọkùnrin yìí kà. Olùkọ́ fisíìsì ló wọ́n nígbà náà tí wọ́n fi tì í sí wa.

A fà á. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, Ráúfù ń wọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n n kò gbé ojú kúrò lára òṣùwọ̀n. Ráúfù ka tirẹ̀ sókè. Olùkọ́ yíjú sí mi, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Iye kan náà ni, sà."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà. Kan náà ni. Ẹ wá wò ó."

Ó wá wò ó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òṣùwọ̀n ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ì bá ti dákẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ń wí pé, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ wọn, sà." Ráúfù tí kò mọ nǹkan kan ti na tirẹ̀ sí mi. A pààrọ̀, a tún fà á. Kan náà ni. Kíláàsì hó yèè. Ráúfù fúnra rẹ̀ ń pariwo, "Sà, Elẹ́ja lágbára o!"

Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà gba òṣùwọ̀n méjèèjì, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè títí agogo yóò fi lù. Ìyẹn kò dùn mí títí. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni n kò tíì dárí rẹ̀ jì í. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àwọn ẹgbẹ́ bàbá mi, ó ní, "Bàbá Mojí, ọmọ yín ń pè mí ní òpùrọ́ ní kíláàsì."

Nílé tiwa, bí àgbà bá ti fẹjọ́ ọmọ sùn, ẹjọ́ ti parí. A kì í bi ọmọ ní tẹnu rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, mú mi lọ sí ilé olùkọ́ ní Sùúrùlérè. Ó ń kọ́ mi lójú ọ̀nà. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tó o bá ti kúnlẹ̀, o ti jẹ̀bi nìyẹn. N kò fẹ́ gbọ́ àlàyé."

Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. "Ẹ má bínú, sà. Mo ṣe àfojúdi sí yín. Ẹ dárí jì mí." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bàbá mi ṣí fìlà fún ẹni tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Ó ku ìbéèrè kan. Mojísọ́lá, òṣùwọ̀n ta ló ka iye tó pọ̀ jù?"

Mo mọ ìdáhùn tó ń fẹ́. Ti Ráúfù, sà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bàbá mi fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká. Mo lanu, ohun tó sì jáde ni, "Kan náà ni, sà."

Ìfọ́tí bàbá mi ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ àwọn tó ń lọ sí sáyẹ́ǹsì, wọ́n pe Ráúfù, wọn kò pè mí. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi parí ilé-ìwé náà.

Mo padà kọ́ fisíìsì, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Yábàá, láàárín àwọn ọmọ tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ. Mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ fún wọn pé bí o bá fa ènìyàn, iye tí o fi fà á ni òun náà fi ń fà ọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú jù ló ń borí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ ohun tó yẹ kó ti parí. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ èyí tó ń dùn mí jù: ọmọ tó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn le jù mí lọ. Èmi àgbà ti jókòó nínú ìpàdé tí ọ̀gá ti ń sọ ìsọkúsọ, mo sì ti wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" kí ipò má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ yẹn kò ní fẹ́ mọ̀ mí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí eékún mi kò gbọ́ tọkàn mi. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ìdí tó fi gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ mi. Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ó wá ní:

"Mojísọ́lá, bí mo ṣe wo òṣùwọ̀n ọwọ́ ẹ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ lo tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbà fún ọ níwájú wọn, ta ni ì bá tún dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú wọn?"