Òjìji Ayé Lára Òṣùpá

Jọ́gíráfì ni Mọ̀núrù Rájí fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kan nítòsí Ìgbósèrè, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn onímọ̀ ni àwọn tó kọ́ máa ń rántí. Bó bá ń sọ̀rọ̀ Al-Bírúnì, tó gun òkè lọ wo ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, tó sì tibẹ̀ ṣírò bí ayé ṣe tóbi tó, ẹ ó rò pé ará àdúgbò ni. Wegener ló fẹ́ràn jù, ará Jámánì tó ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti so pọ̀ rí kí wọ́n tó rìn jìnnà síra. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú yìnyín ló kú sí, ó sì ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ kò gba ọ̀kan gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ó ń ta ànkárá ní Ìdúmọ̀tà. Ilé kéwú nìkan ló lọ.

"Bàbá Ihsan, tí ayé bá ń yí, kí ló dé tí omi inú àmù mi ò dànù?"

Mọ̀núrù á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Àdìjátù á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹun ná. Ayé á dúró dè yín."

Nígbà tó yá, Mọ̀núrù ń kọsẹ̀ lára àga, ó ń ta ife omi dànù. Ó ní iná ni kò mọ́lẹ̀ tó. Tipátipá ni Àdìjátù fi mú un lọ rí dókítà. Dókítà ní àìsàn ti jẹ ìríran rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú wá sáàárín, pé èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́. Mọ̀núrù kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwé.

Galileo ló ń kọ́ wọn lọ́jọ́ tí àṣírí tú: bó ṣe fi awò wo ojú ọ̀run, tó rí àwọn òṣùpá tó ń yí Júpítà po, bí wọ́n ṣe há a mọ́lé nítorí ó ní ayé ló ń yí oòrùn po, àti bí ojú rẹ̀ ṣe fọ́ níbẹ̀. Mọ̀núrù kẹ̀yìn sí kíláàsì, ó ń kọ̀wé lọ lójú pátákó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bilqis dìde, ó rìn tọ̀ ọ́ wá.

"Sà, ẹ ti kọ nǹkan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ń kọ wọ́n lé ara wọn ni."

Ó rọra gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ̀núrù jókòó. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí sáà yẹn tó parí, nígbà tó sì ṣe, kò ríran mọ́ rárá.

Àdìjátù ló wá ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí. Ní oṣù September 2025, rédíò ní òṣùpá máa ṣókùnkùn. Mọ̀núrù ní kó mú òun gun orí dẹ́kì ilé wọn lẹ́yìn Ìga Ìdúngánrán. Orúnkún ń dun Àdìjátù, ṣùgbọ́n ó mú un gòkè.

"Kí lo rí?"

"Ó pọ́n bí epo."

"Dúró ná. Tó bá ti ń mọ́lẹ̀ padà, wo etí ibi tó dúdú."

Wọ́n dúró títí.

"Ó ti ń mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Etí òkùnkùn yẹn tẹ̀ bí etí abọ́."

"Òjìji ayé nìyẹn. Ilẹ̀ tá a dúró lé yìí ló ṣíji bò ó. Ohun táwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì rí láyé àtijọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi mọ̀ pé ayé rí roboto."

"Ó rí roboto lóòótọ́, Bàbá Ihsan. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni."

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Àdìjátù ṣubú sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọn ò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Mọ̀núrù ní kí wọ́n fi ọwọ́ òun kan ilẹ̀ náà.

Ihsan, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá láti Ìlọrin.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

"Ta ni n ó máa bá jiyàn lọ́hùn-ún?"

"Ta lẹ ń bá jiyàn níbí?"

Ihsan nìkan ló padà.

Ohun kan wá ń dà á láàmú. Kí ojú Galileo tó fọ́ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ̀wé tù ú nínú ti kú. Mọ̀núrù ti kà á tipẹ́, kò kàn sọ ọ́ fún kíláàsì kankan rí. Ó rò pé kò kan iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, Mùtíátù, ìyàwó àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé, yọjú sí i ní yàrá.

"Bàbá, wọ́n ti róṣù o."

"Ìwọ náà rí i?"

"Rárá o. Orí fóònù ni wọ́n ti kéde ẹ̀. Mò ń ṣe oúnjẹ sààrì lọ́wọ́."

"Báwo ló ṣe rí..." Ó dánu dúró. "Ó dáa. O ṣeun."

Mùtíátù padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Mọ̀núrù kọjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ wá kẹ́tùlù rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.