Hítà Tí Bàbá Mi Fi Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi hítà ọkọ̀ ṣe ní Ọ̀tà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mẹkáníìkì kan láti Sango títí dé Àtàn tí kò tíì bi mí, mo sì ti bá àwọn kan nínú wọn jà lórí ẹ̀. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ní ìlú tí òógùn ti máa ń bo èèyàn kó tó nu omi ìwẹ̀ tán lára, ta ló ń wá ooru kún ooru? Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń wa ọkọ̀ yẹn kí n tó mọ̀ pé ó ní hítà. Òjò ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, nítorí bàbá mi ni mo sì ṣe ń tàn án.

Bọ́ọ̀sì kékeré ni ọkọ̀ ọ̀hún, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ jáde, tí àwa fi ń kó ohun gbogbo. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí mo rà á, ó sì ti darúgbó sí mi lọ́wọ́. Aṣọ iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ọ̀tà ni mò ń rán, inú ọkọ̀ yìí ni mo sì máa ń kó o sí lọ fún wọn. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, mo máa kó aṣọ kúrò, mo máa nu ìjókòó iwájú, mo máa gbé Bàbá láti ilé wa ní Joju lọ sí mọ́ṣáláṣí kan ní Àtàn. Bàbá wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, wọn ò sì gbà láti kírun Jímọ̀ níbòmíràn.

Nídìí iná ni Bàbá ti lo ayé wọn. Láti Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ẹnu iléru ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo kéré, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo sáré dì mọ́ wọn, ara wọn máa ń gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọ́n a ní ooru tí àwọn ti jẹ nílé-iṣẹ́ yẹn tó àwọn jẹ dé sàréè. Kò tó. Láti bí ọdún mélòó kan ni òtútù ti ń mú wọn, lọ́sàn-án gangan, ní àsìkò tí ajá ń yọ ahọ́n síta. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ni, ó tún ní ọjọ́ orí ni. Mo ra súwẹ́tà, mo ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ra ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń jẹ, wọn kì í sì í mú iná wá. Èédú ń mú wọn wúkọ́. Wọ́n kàn máa ń jókòó ni, tí àgbọ̀n wọn ń gbọ̀n, tí eyín ń lu eyín. Wọn kì í sọ̀rọ̀, torí wọ́n ní táwọn bá lanu, òtútù ló ń bá ibẹ̀ wọlé. Gbé e wá, gbé e lọ, ó tó: gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín èmi àti bàbá mi nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, gíláàsì iwájú ṣú, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo ohun tó ṣeé yí lábẹ́ rédíò. Lójijì, atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ jáde, ó gbá mi lójú. Mo pariwo pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbiná, mo nawọ́ láti pa á. Bàbá gbá ọwọ́ mi dànù.

"Fi í sílẹ̀."

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì síwájú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, bí ẹni ń yáná. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àgbọ̀n wọn dákẹ́. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n ní, "Ìyá rẹ ò fẹ́ràn òjò rárá."

Díẹ̀ ló kù kí n wa ọkọ̀ wọ gọ́tà. Ìyá mi kú kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo la ní, wọn ò sì rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Bàbá kì í dárúkọ wọn nínú ilé, àwọn mìíràn tó mọ̀ wọ́n sì ti kú tán. Mo ti bímọ, ó kù díẹ̀ kí n ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ mi ò mọ̀ bóyá ìyá tó bí mi fẹ́ràn òjò tàbí kò fẹ́ràn ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ti gbogbo fèrèsé, mo máa ń tan hítà, màá sì máa làágùn bí alábàárù, tí ìborùn mi á rin gbindin, tí àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá lójú ọ̀nà Ìdíròkò á máa wò wá bíi wèrè méjì. Mi ò bìkítà. Bàbá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá mi máa ń súfèé bí ọkùnrin. Tí ìyá mi bá gbé oúnjẹ lọ fún wọn níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn ọgbà ló máa ń dúró sí tó máa súfèé, Bàbá á sì gbọ́ ọ láàárín gbogbo ariwo ẹ̀rọ. Wọ́n ní ìyá mi á wọkọ̀ lọ dé Alapoti lọ ra gaàrí, torí pé obìnrin kan ní Sango rẹ́ wọn jẹ nídìí kóńgò lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì yà sí ìsọ̀ ẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lo ti mú ìjà," Bàbá sọ fún mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bú awakọ̀ tó dí mi lọ́nà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí a ṣe ń yà sí ẹnu mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ìyá rẹ fẹ́ bí ọ, ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ wa ló ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ti ń pe ìrun. Bàbá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Tí a bá ń padà bọ̀, oorun ni wọ́n máa ń sùn, mi ò sì jẹ́ jí wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Mo jí láàárọ̀, mo bá omi lábẹ́ ẹ̀. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi lábẹ́ igi máńgòrò ní Joju, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń pe gbogbo obìnrin ní Mọ́mì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi rọ́bà méjì hàn mí tó ń gbé omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì lọ síbi hítà. Ọrùn ike kan wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ hítà. Ó fi èékánná kan ọ̀kan, ó rún bíi bisikíìtì.

"Mọ́mì, kónẹ́tọ̀ hítà yín ti jẹrà. Ẹ jẹ́ ká báípáàsì ẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń pè ní báípáàsì?"

"Màá so rọ́bà yìí mọ́ ìkejì ẹ̀, omi ò ní dé ọ̀dọ̀ hítà mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó wà níbí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe wọ́n. Wàhálà parí."

"Hítà mi ńkọ́?"

"Hítà kẹ̀! Mọ́mì, ṣé yìnyín ti ń bọ́ ní Joju ni?"

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, ọjọ́ ogbó ń bọ̀ wá bá àwọn náà. Ẹ̀rín dá. Mo sọ fún mẹkáníìkì pé mo fẹ́ hítà mi, kó bá mi wá kónẹ́tọ̀.

Kò sí. A wá gbogbo ìsọ̀ pààtì ní Sango. Àwọn tó ń tú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tà ní àwọn máa ń gé ibẹ̀ sọnù ni, torí kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀. Mo dúró láàárín òkìtì irin, mo rí ẹ́ńjìnnì rẹpẹtẹ, mo rí ilẹ̀kùn, mo rí ìjókòó, ṣùgbọ́n ọrùn ike tí kò gùn tó ìka mi ò sí. Ọ̀kan tí a rí níkẹyìn fọ́ sí mẹkáníìkì lọ́wọ́ bó ṣe ń tì í bọ rọ́bà. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àtijọ́ pọ̀, mi ò tíì délé tó fi tú. Nígbà tó rí i pé ojú mi ti yí padà, ó lọ ra èyí tí àwọn plọ́ḿbà fi ń so páìpù balùwẹ̀, ó tì í bọ̀ ọ́, ó fi klíìpù fún un pinpin.

"Ṣé ó máa gbà á?" mo bi í.

"Nípa agbára Ọlọ́run, Mọ́mì."

Tí oníṣẹ́ bá ti ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó yẹ kí èèyàn bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ti dé, mo sì fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe bí mi.

A kọjá Sango láìsí wàhálà. Hítà ń ṣiṣẹ́, Bàbá gbé ọwọ́ sí i, àgbọ̀n wọn dákẹ́. "Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní, "ẹnu géètì. Ìyá rẹ gbé abọ́ oúnjẹ dání..." Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pàà. Èéfín funfun bo gíláàsì, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti sún dé ojú pupa. Mo ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa á. Ike balùwẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Omi tó yẹ kó máa mú bàbá mi gbóná ń ṣàn lọ lórí ọ̀dà. Mo sọ Bàbá kalẹ̀ nítorí èéfín, mo fi wọ́n dúró sínú oòrùn. Àwọn tírélà ń kọjá lára wa, gbogbo èèyàn ń nu òógùn, bàbá mi ń gbọ̀n. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bò wọ́n. Mo di ejìká wọn méjèèjì mú, kò sì sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe láyé. A ò bá ìrun lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe mẹkáníìkì, ó wá bá wa níbẹ̀, mo sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Bàbá má baà gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ́ńjìnnì yìí bá tún gbóná báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú nìyẹn. Ẹ ò ní rí hítà, ẹ ò sì ní rí ọkọ̀ tí ẹ máa fi gbé Bàbá."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Aṣọ àwọn èèyàn wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ kó lọ, Bàbá ò sì lè gun ọ̀kadà. Mo ní kó ṣe é. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò pẹ́ rárá. Ó ti rọ́bà kan bọ irin kékeré kan, ó ti ìkejì bọ̀ ọ́ láti òdì kejì, ó fún klíìpù, ó nu ọwọ́. Omi ò kán mọ́. Ó di ọrùn ike tó fọ́ sínú ọ̀rá fún mi, ó ní bóyá ẹnìkan lè bá mi mú irú ẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo wọnú ọkọ̀, mo sunkún.

Mo fẹ́ sọ fún Bàbá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wá bí màá ṣe sọ ọ́. Mo ti bá máníjà tó kọ̀ láti gba aṣọ mi fa ṣòkòtò ya, mo ti lé ọlọ́pàá kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi rí, ṣùgbọ́n tí mo bá dé iwájú bàbá mi, ẹnu mi á wúwo. Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo jáde, mo bá wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ti wọ jálàbíà, wọ́n ti dé fìlà, wọ́n ti jókòó tipẹ́. Wọn kì í tètè múra báyẹn. Mo wá rí i pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń dúró de ìtàn náà.

Mo ti fèrèsé. Mo tan hítà. Atẹ́gùn jáde lóòótọ́, atẹ́gùn lásán, kò tutù, kò gbóná. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn síwájú ihò náà. A kúrò ní Joju, a gba abẹ́ bíríìjì Sango, a já sí ojú ọ̀nà Ìdíròkò. Oòrùn mú lóde, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó gba ara gíláàsì wọlé. Òógùn ń bọ́ lójú mi, àgbọ̀n Bàbá ń gbọ̀n. Wọn ò gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní, "Bàbá, ọjọ́ tí ìyá mi fẹ́ bí mi ńkọ́?"

Wọn ò wo ojú mi. Ihò yẹn ni wọ́n ń wò.

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbóná," wọ́n ní, eyín ń lu eyín. "Ó ti darúgbó. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Ó máa tó gbóná."

Mo dín eré ọkọ̀ kù, kí a má baà tètè dé Àtàn.