Ó Yé Wa, Mà

Èmi Ọmọlará Adépọ̀jù, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Àkúrẹ́. Kíláàsì mi a máa pa rọ́rọ́. Mo ń kọ, wọ́n ń dà á kọ. Tí mo bá ní, "Ṣé ó yé yín?" wọ́n á pariwo: "Ó yé wa, mà!" Ó parí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Wúrà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò bá wọn pariwo. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó pé tí a bá fi ìdajì pín oókan, èjì ni. Ó nawọ́: "Kò yé mi, mà. Ṣebí nǹkan tí a bá pín máa ń kéré sí i ni. Báwo ló ṣe wá pọ̀?"

Yéè! Ṣé èmi gan-an mọ̀ ọ́n ni? Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń kọ́ wọn. Ojú tì mí, mo bá sọ ìtìjú di ìbínú. "Aláfojúdi! Ìwọ nìkan ni kò yé? Kúnlẹ̀, gbọ́wọ́ sókè!" Ó kúnlẹ̀ títí aago fi lù. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Èmi ìkà yìí tún ń yangàn pé mo tọ́ ọmọ.

Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Oǹdó. Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán àwa tísà lọ síbẹ̀ láti wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣe ń kọ́ni. Kíláàsì Olúgbénga Akínlolú ni wọ́n fi mí sí. Ta ni mo rí ní ìjókòó ẹ̀yìn? Wúrà.

Ariwo kíláàsì yẹn kọjá sísọ, ọwọ́ ti ń yún mi. Olúgbénga mú odidi búrẹ́dì kan, ó gé e. "Ìdajì mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Méjì!"

"Ta ni kò tíì yé?" Ọmọ mẹ́fà nawọ́, Wúrà wà níbẹ̀. Olúgbénga rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé. Ọ̀dọ̀ yín la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Búrẹ́dì lásán-làsàn! Omi bọ́ lójú mi. Mo lọ bá Wúrà, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ́ mi lẹ́nu ló jáde: "Wúrà, ṣé ó yé ọ?"

Ó kúnlẹ̀. Mo rò pé ó ń kí mi ni, àfi ìgbà tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ó yé mi, mà."

Mo kúnlẹ̀ tì í. "Dákun, ọmọ mi. Lọ́jọ́ yẹn, kò yé èmi náà."

Kò sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.