Ríìmù fún Táyà Àna Mi

Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tí mo ní nígbà náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi yangàn. Tòkunbọ̀ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún kì í sì ṣí láti inú. Ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ wa. Òun ni mo fi ń kó pákí, ọsàn àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ láti àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Akínyẹlé wá sí Mọníyà. Ìyà kan ṣoṣo tó ń fi jẹ mí ni táyà rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti kẹ̀kẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, a rì sínú ẹrọ̀fọ̀, n ó sì máa bẹ ẹni tí ń kọjá kó wá bá mi tì í.

Lọ́jọ́ kan, a rì tèmi tìyàwó mi. Ó lóyún oṣù méje, ó sì fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ títí ó fi dé títì. Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá rẹ̀.

Wolé-wolé ni bàbá ìyàwó mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, alàgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà kan. Ẹni tó bá mọ àwọn wolé-wolé ayé ijọ́un yóò mọ irú ènìyàn tí mo ń sọ. Wọn kì í bi ọ́ ní nǹkan kan. Wọ́n á wo ilé rẹ, wọ́n á wo ìkòkò omi rẹ, wọ́n á sì sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ. Bí wọ́n ṣe wo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí síwájú ìjọ. Táyà mẹ́rin ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, tòkunbọ̀ tó fẹ̀, tó sì nípọn. Wòlíì wọ́n omi àdúrà sí wọn lára. Àna mi sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn kò tún ní í rin ẹrọ̀fọ̀ mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Láti orí ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti rí ẹnu táyà náà, mo sì mọ̀ pé kò lè wọ ríìmù mi. Ó fi ìka mẹ́ta fẹ̀ jù ú lọ.

Àna mi ní, “Ṣé ó máa bá a mu?”

Mo ní, “Á bá a mu dáadáa, Bàbá. Àfi bí ẹni pé ẹ wọn ọkọ̀ náà kí ẹ tó ra táyà.”

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí n kò fi sọ òótọ́. Wọ́n ti fún mi ní ọmọ wọn, n kò sì lè dúpẹ́ ìyẹn tán láyé. Ṣé táyà ni n ó wá dá padà fún wọn lójú gbogbo ìjọ?

Ẹni tó ń lẹ táyà ní Mọníyà gbìyànjú. Ó fa atẹ́gùn sí i títí, atẹ́gùn náà ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Ọ̀gá, ríìmù yín ò lè gbé táyà yìí. Ẹ lọ wá ríìmù tó fẹ̀, àbí kí ẹ tà á, kí ẹ fi ra èyí tó bá ọkọ̀ yín mu.” Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àna mi ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì mọ táyà wọn bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Bí mo bá tà á, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á rí i lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ríìmù kiri nìyẹn. Ríìmù oníhò nọ́ọ̀tì mẹ́fà ni ọkọ̀ mi ń lò. Ní Adégbàyí, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú palẹ̀, mo rí mẹ́rin tó fẹ̀ dáadáa, ihò márùn-ún péré ló wà lára wọn. Mo tún rí oníhò mẹ́fà níbòmíràn, ojú àárín rẹ̀ kéré jù, kò wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan júwe abúlé kan fún mi ní Lágelú, níbi tí wọ́n ń kó àlòkù irin ọkọ̀ jọ sí. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni àwọn irin náà, Mùsùlùmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ríìmù tó bá ọkọ̀ mi mu wà lóòótọ́, ẹyọ kan ṣoṣo, adìyẹ sì ti sàba sínú rẹ̀.

Bàbá náà wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ti rí ẹni tó ń wá táyà fún ríìmù. N ò tíì rí ẹni tó ń wá ríìmù fún táyà. Ṣe bí ò bá mu, wàá dá a padà fún ẹni tó tà á ni?”

Mo ní àna mi ló fún mi.

Wọ́n ní, “Háà, ó yé mi.” Wọ́n ní kí ìyàwó wọn fún mi lómi mu.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àna mi ń bi mí pé táyà dà. Mo ní mo ń tọ́jú rẹ̀ de òjò ńlá. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé ọkọ̀ mi ni yóò kó ẹrù ìkórè ìjọ wá láti oko, lórí táyà àwọn, àti pé àwọn fúnra wọn yóò jókòó síwájú. Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí mọ́. Mo padà sí Adégbàyí, mo ra àwọn oníhò márùn-ún yẹn, mo kó wọn fún wẹ́dà pọ̀ mọ́ ríìmù tèmi. Ó gé àárín tèmi, ó jó o mọ́ inú èyí tó fẹ̀.

Ìyàwó mi bá mi lọ. Ó ti bímọ nígbà náà, ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo bí iná ṣe ń ta, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Bàbá. Èmi ni mo bá wọn tan, wọn ò ní í bínú sí mi.” Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn lójú wẹ́dà. Wẹ́dà náà kò wo ojú wa, ó kàn ní kí n má ṣe kó ẹrù tó wúwo.

Ọkọ̀ náà wá ga, ó rí bí ọkọ̀ olówó. Bí mo bá yí i, táyà á máa ha ara rẹ̀ mọ́ irin òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn? Àna mi yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń fọwọ́ gbá táyà kọ̀ọ̀kan. N kò rí i kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. N kò ní í purọ́, inú tèmi náà dùn.

A lọ sóko, a di ọkọ̀ náà: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, elégédé, títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kún. Àna mi wọ sùtánà funfun, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń kọrin. N kò sáré. Kí Ọlọ́run gbọ́ mi, n kò sáré rárá. Kò jìnnà sí Mọníyà mọ́ tí a dé kọ́nà kan, ni ríìmù iwájú lápá ọ̀tún bá là ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Ọkọ̀ ya sí kòtò, ó sì dojú dé. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi fa àna mi jáde, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún ti kán sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to egungun ni a gbé wọn lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àna mi ní kí gbogbo ènìyàn jáde, ó ku èmi nìkan. Wọ́n ti fi igi di ẹsẹ̀ náà.

Wọ́n ní, “Ọkọ ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé táyà tí mo rà ló fà á?”

Mo wo ojú wọn. Ojú tó máa ń dẹ́rù ba gbogbo àdúgbò, ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lè sọ ọ́. Kò sí ìjọ níbẹ̀, kò sí wòlíì, àwa méjì péré ni.

Mo ní, “Rárá o, Bàbá. Táyà yín ò lẹ́bi. Èmi ni mo sá eré jù ní kọ́nà yẹn.”

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n di ojú wọn. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ pé eré ni.”

Nígbà tí wọ́n lè fi igi rìn, wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ àwọn lọ́wọ́ awakọ̀ aláìnísùúrù. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín. Mo wo apá ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀, kò la ẹnu.

Àna mi tún lo ọdún mẹ́fà láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ní gbogbo ọdún náà, wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ mi, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè wọ́n nígbà ọlidé, ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ bá mi wọkọ̀ wá. Bọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi ń kó wọn wọ̀. Èmi awakọ̀ ni mo máa ń bá wọn gbé báàgì dé ibùdókọ̀.