Eku Gé Rọ́bà Gáàsì Nínú Kárafáànì Wa

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, díẹ̀ ló kù kí eku dáná sun wá lónìí!

Àárọ̀ yìí la fẹ́ fi mọ́tò fa kárafáànì wa, ilé onítáyà tá a máa ń sùn sí bá a bá rìnrìn àjò, lọ sí etí òkun ní Obhur, nílẹ̀ Lárúbáwá tá à ń gbé níbí. Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́yìn ilé láìlò. Mo gbé omi tíì lé sítóòfù inú rẹ̀, mo mú ìṣáná dání, ó ku kí n ṣí gáàsì.

Màríyà ọmọ mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ló bá figbe ta: "Fār, Mama! Fār!" Eku ló ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ti bà á, Lárúbáwá ló ń sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Eku ti sá lọ, àmọ́ ó ti fi eyín jẹ rọ́bà gáàsì débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán.

Mo pe ọkọ mi. Ó tan iná fóònù sí i, ó wò ó dáadáa.

"Ìyá Màríyà, o ò tíì ṣáná?"

"Mi ò tíì ṣá a, Àlàájì."

"Alhamdulilahi. Èmi ni mo jẹ̀bi. O sọ fún mi pé ò ń rí ìgbẹ́ eku níbẹ̀, mo ní kò séwu."

A ò lọ mọ́. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, a sì rí ihò tí eku ń gbà wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi. Kànìnkàn onírin la kì bọ̀ ọ́, ó wá kan páànù lé e. Mo kó gbogbo bisikíìtì tó ń fa eku wá jáde.

Ọkàn mi ti wá balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kárafáànì, kí lẹ fi ń lé eku? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.