Fèrèsé Tó Ní Òun Ò Ní Tì

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó máa pè mí bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a jà. Ojú mi ló rí i, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀, n kò mu ọtí, n kò sì sùn. Kì í ṣe òru o. Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ pé kí ọmọdé má dá rìn. Ọmọ ọwọ́ kan wà nílùú Ìsẹ́yìn lónìí tó ń mí, tó ń fi ọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ lẹ́nu, nítorí fèrèsé kan ni.

Èmi ni mò ń bójú tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣakí. Ọ́fíìsì ni gbogbo rẹ̀. Lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta irúgbìn àti oògùn oko wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló wà lókè. Ìbàdàn ni Alájì tó nilé ń gbé. Ó ti sú u kí jẹnẹrétọ̀ máa jó epo dísù lójoojúmọ́, kí èéfín máa bo àdúgbò, kí a máa da ìdọ̀tí sójú àgbàrá. Ó ní òun fẹ́ kí ilé òun máa lo nǹkan bí ẹni tó mọ̀ pé àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

A gbé sólà sórí òrùlé. A ń gbe omi òjò sínú táńkì, òun la fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Ìdọ̀tí ọ̀rá ń lọ síbi tirẹ̀, ìyókù oúnjẹ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́. Tí mo bá rí gílóòbù tó ń tàn nínú yàrá tí kò séèyàn, ẹni tó ni yàrá á gbọ́ ohùn mi láti ìsàlẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Ẹ-Pa-Á. Wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ẹnjiníà tó ṣe sólà wá sọ pé òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ń jò lọ lójú fèrèsé, pé iná tí oòrùn ń fún wa la ń dà sígboro yẹn. Òótọ́ ni. A fi rọ́bà dí etí gbogbo fèrèsé àti ìlẹ̀kùn, inú ilé tutù minimini, bátìrì sì ń pẹ́. Gbogbo fèrèsé ló gbọ́ràn, àfi ẹyọ kan.

Èyí tó wà lópin kọ́rídọ̀ òkè ni, lẹ́yìn ilé. N ó tì í láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo fura sí àwọn ọmọ alájẹṣẹ́kù, wọ́n búra. Mo fura sí Bàbá Wàsíù, ọlọ́dẹ wa, tí wọ́n dàgbà jù mí lọ dáadáa. Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má bá fèrèsé yẹn jà mọ́. Ó lẹ́ni tó ń ṣí i."

Mo ní ta ni. Bàbá ní àwọn ò mọ ẹni náà, pé tí àwọn bá ti rí wọn, àwọn á kí wọn, àwọn á sì bá tàwọn lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ọjọ́ ogbó ti ń dé sí bàbá.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo gun òkè lọ́sàn-án láti lọ wo fèrèsé mi. Ìyá kan dúró níwájú rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Wọ́n ró aṣọ etù tó ti gbó, irú etù tó jẹ́ pé nílùú wa níbí, ẹni tó bá ní in kì í ró o wá sí ọ́fíìsì. Mo rò pé oníbàárà ni wọ́n. Mo kí wọn, mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá.

Wọ́n fi ọwọ́ kan tari fèrèsé síta, wọ́n yà sọ́wọ́ òsì, wọ́n wọ yàrá tí à ń kó ẹrù sí. Mo tẹ̀ lé wọn kí n lè sọ fún wọn pé ibẹ̀ kọ́. Àgádágodo wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Orí mi wú. N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin á ní kí ló dé tí n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún mi ní òmíràn ni? Mo gbàdúrà. Nígbà tí àyà mi rọlẹ̀, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo pe káfíńtà, mo ní kó fi síkírúù de fèrèsé náà pinpin. Bàbá Wàsíù kàn ń mi orí.

Àsìkò òjò wá dé. Oòrùn sá pamọ́, bátìrì ò gbaná, iná ìjọba náà lọ. Jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tí a ti pa tì sẹ́yìn ilé la padà sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ni pé ọ̀pá tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde ti lu, àti pé ihò tí wáyà gbà gòkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Èéfín ń gba ihò yẹn wọlé, ó ń gòkè. Ilé tí a sì ti dí létí yíká, ibo ló fẹ́ gbà jáde?

Múìnátù ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ náà ò tíì mọ̀ ọ́n rá, ó kàn ń gbórí sókè. Lọ́sàn-án, ó máa ń gbé e lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn láti fún un lọ́mú, á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra kí ọkùnrin má baà já wọlé. Lọ́jọ́ náà, ó ti sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun. Mo ní kó lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó kù lókè ti lọ kírun.

Ìsàlẹ̀ ni mo wà, mò ń bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́yà jà nítorí ẹ̀rọ omi tó ṣí sílẹ̀, ni nǹkan bá dún gbàà lókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe ọmọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo ní wọ́n ti fọ́ gíláàsì mi. Èmi àti Bàbá Wàsíù la jọ gòkè.

Gíláàsì kankan ò fọ́. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, síkírúù tí káfíńtà fi dè é wà nílẹ̀, ẹnì kan ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ Múìnátù wà lábẹ́ fèrèsé, ìborùn ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi wé e, atẹ́gùn òjò ń fẹ́ sí i lójú, ó ń ké. Kò sẹ́ni kankan ní kọ́rídọ̀.

Mo gbé ọmọ. Mo pe ìyá rẹ̀, kò dáhùn. Mo tari ìlẹ̀kùn yàrá kékeré náà. Ó ti tì í láti inú.

Bàbá Wàsíù ń fi èjìká gbá ìlẹ̀kùn náà títí tó fi já. Ooru àti òórùn èéfín kọ lù wá. Múìnátù nà sílẹ̀, ojú rẹ̀ là díẹ̀, kò sì rí wa. A wọ́ ọ wá síbi fèrèsé. Mò ń pariwo pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, kí wọ́n já rọ́bà dànù.

Ọkọ̀ lọ́yà la fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní èéfín ni, pé irú rẹ̀ máa ń kun èèyàn lóorun ni, tónítọ̀hún á sùn, kò sì ní jí mọ́. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Múìnátù la ojú, ó bèèrè ọmọ rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo ní kó dìde, kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Alájì ti gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, a ti fi bátìrì kún bátìrì, gbogbo yàrá ló sì ti ní ojú afẹ́fẹ́. Omi òjò la ṣì fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, mo sì ṣì ń pariwo lórí gílóòbù. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dí ilé yín pa, ẹ wo ibi tí èéfín máa gbà jáde.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ Múìnátù pàápàá ò gbọ́. Nígbà tí ara Múìnátù yá tán, ó fi ẹnu sí mi létí, ó ní òun rí ẹni tó gbé ọmọ òun, ìyá kan tó ró etù gbígbó. Òun ò lè gbé ọwọ́ nígbà náà, òun kàn ń wò ni. Mo bi í pé ṣé wọ́n sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí n má dìde, mà. Wọ́n ní tí àwọn bá ti gbé ọmọ síta tán, àwọn ń padà bọ̀ wá mú èmi náà."

Bóyá ojú fèrèsé ni wọn ì bá gbé e lọ, bóyá ibi tí èèyàn kì í ti í padà wá ni, n kò mọ̀, n kò sì ní bèèrè. Mo kàn ń dúpẹ́ pé àwa la kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan dún lókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gòkè.