Òǹtẹ̀ Mẹ́ta Lórí Ìwé Fúnláyọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí í mú ẹsẹ̀ obìnrin wú, ẹ béèrè lọ́wọ́ Sìdíkátù. Ní ọdún kẹrin tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira, òun ni ó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ifangni, òun ni ó ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, òun náà ni wọ́n sì ń rán lọ pe àwọn ìyá ọmọ wá. Ifangni sí Banigbé, Banigbé sí Tchaada, ẹsẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó fún un ní kẹ̀kẹ́. Bí ó bá dé abúlé, àwọn obìnrin á bu omi fún un mu, wọn á kí i dáadáa, wọn á ní "à ń bọ̀", wọn ò sì ní wá.

Kì í ṣe pé wọn kì í wá rárá o. Ti àkọ́kọ́, wọn á wá. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wàhálà. Ikọ́ líle ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún, èyí tí àwọn onílé ìwòsàn ń pè ní kokelúùṣì. Ọmọ tí ó bá mú á máa wúkọ́ léraléra títí èémí á fi tán nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, á wá fa èémí wọlé pẹ̀lú igbe bí ọmọ àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà, pẹ̀lú oṣù kan láàárín. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń mú ara ọmọ gbóná fún ọjọ́ kan, itan rẹ̀ á sì wú díẹ̀. Ìyá á bá gbé ọmọ rẹ̀ pamọ́. "Ọmọ mi kò ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ ọ́ di aláìsàn." Sìdíkátù ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Òun náà ní ọmọ lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, Fúnláyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ó ti wọlé ọkọ. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ kan sórí ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ara ọmọ gbóná, ó sunkún di ọjọ́ kejì. Ìyá Àṣàbí, ìyá ọkọ rẹ̀, ló gbé ọmọ náà mọ́ra ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì sọ nǹkan kan. Sìdíkátù rò pé ìyá náà ti gbà. Ẹni tó bá bá àgbàlagbà gbélé yẹ kó mọ̀ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà.

Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ kì í gbé Ifangni. Láti Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú-ìlú ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọn kò sì mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, Sìdíkátù ti gbọ́dọ̀ wà ní Tchaada láti kó àwọn ìyá wá. Ta ni yóò wá gbé ọmọ tirẹ̀ lọ?

"Gbé ìwé ọmọ sílẹ̀ fún mi," ni Ìyá Àṣàbí wí. "Ìyá Ràbíátù á fún un lọ́mú kí o tó dé. Ṣé èmi ò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ni?"

Ràbíátù ni ọmọ àbúrò ọkọ Sìdíkátù, ó fi oṣù méjì ju Fúnláyọ̀ lọ, ó sanra, ara rẹ̀ sì le. Òun ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta tirẹ̀ pé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Sìdíkátù dé láti Tchaada, ó bá òǹtẹ̀ kejì lórí ìwé. Oṣù kejì rẹ̀, ó bá ẹ̀kẹta. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń gbé ìwé náà kiri Banigbé. "Ẹ wo ti ọmọ tèmi! Mẹ́ta géérégé! Ṣé ó kú?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ líle wọ Ifangni. Ó mú Fúnláyọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dà bí ọ̀fìnkìn lásán. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láìmí sínú, tí ojú rẹ̀ á dúdú, tí á pọ gbogbo ọmú tó mu. Sìdíkátù á gbé e sókè, á máa fẹ́ ẹ lójú, á máa pè é. Àwọn obìnrin tó bá pàdé lọ́nà odò kò jẹ́ kí ó sinmi. "Sìdíkátù, òǹtẹ̀ mẹ́ta náà ńkọ́?" Ìtìjú mú un. Inú bí i sí abẹ́rẹ́, inú bí i sí ara rẹ̀, àti sí gbogbo ọ̀nà tí ó ti rìn.

Ó gbé ọmọ lọ bá Rosalie, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wá láti Kùtọnu. Ó ju ìwé náà sórí tábìlì.

"Màdáámù, ẹ ti sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo ayé."

Rosalie yẹ ọmọ náà wò, ó fi etí lé àyà rẹ̀. "Bọ̀n, ó dáa. Jókòó, Sìdíkátù. Abẹ́rẹ́ yìí kì í dáàbò bo gbogbo ọmọ, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá gbà á pé, ikọ́ náà ṣì lè mú ẹnì kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n kì í sábà mú wọn báyìí. Wọ́n á wúkọ́ díẹ̀, á tán." Ó tún wo ọmọ náà. "Ta ló ń bá a sùn?"

"Ràbíátù. Orí ẹní kan náà."

"Ikọ́ mú òun náà?"

"Ó wúkọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti ń ṣeré kiri."

Rosalie mú ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìwọ lo gbé Fúnláyọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá ọkọ mi ló gbé e wá nígbà tó kù," ni Sìdíkátù wí, ó sì dìde. Ó gba òògùn tí Rosalie fún un, ó pọn ọmọ, ó sì gba ilé lọ.

Ìyá Àṣàbí ń yan gàrí nígbà tí ó dé. Sìdíkátù kúnlẹ̀, nítorí kò sí bí inú ṣe lè bí èèyàn tó tí á fi dúró bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kejì àti ẹ̀kẹta, ọmọ wo lẹ gbé lọ?"

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí gàrí. Kò parọ́.

"Ràbíátù ni. Mo rí bí ara tìrẹ ṣe gbóná nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé òmíràn á pa á. Nígbà ayé àwọn Òyìnbó, bí wọ́n bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá tún ọ̀nà ṣe, ẹni tí ara rẹ̀ le la máa ń rán. Ta ló ń béèrè pé ta ni? Ilé ti jẹ́ ìpè, ó ti tán. Wọ́n ní kí ilé wa mú ọmọ wá, mo mú ọmọ tó lágbára wá. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Mo rò pé mo gbà á sílẹ̀ ni."

Ohun tó dun Sìdíkátù jù ni pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lọ́nà tirẹ̀. Ó ti jókòó ti àwọn ìyá Banigbé àti Tchaada, ó ti ṣàlàyé fún wọn pé ibà náà kì í pa ọmọ, pé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n bá gún ni agbára abẹ́rẹ́ ń wà, kò ṣe é gbà fún ẹlòmíràn. Kò jókòó ti ìyá tó wà nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òògùn náà kò ràn án mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Fúnláyọ̀ wúkọ́, èémí rẹ̀ jáde, kò sì padà. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó yí.

Àwọn obìnrin kún ilé. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n ń wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí fún gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó ṣe Sìdíkátù bí ẹni pé kí ó fọ́ agbè náà mọ́ ẹni tó sọ ọ́ lórí. Àmínátù, ará ilé kejì, jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ náà ti gba abẹ́rẹ́ méjì, ó ku ọ̀kan, ọkọ̀ Àjàṣẹ́ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Èmi ò ní lọ mọ́," ni Àmínátù wí. "Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Mẹ́ta pé lára ti Sìdíkátù, kí ló ṣe?"

"Kò pé," ni Sìdíkátù wí. "Ẹyọ kan ló gbà. Ràbíátù ni Ìyá wa gbé lọ fún èyí tó kù."

Ariwo sọ. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń mú un sọ̀sọkúsọ. Wọ́n ní ṣé ìyá ọkọ ni a máa ń dí irú ẹrù báyìí rù? Ẹnì kan ní ìyàwó tí kò ní ẹ̀kọ́ ni. Òótọ́ ni Sìdíkátù sọ, àfi bí ẹni pé èébú ni.

Ìyá Àṣàbí wà ní ìdí ògiri, ó fi aṣọ bo orí. Ó ká aṣọ náà kúrò.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ èmi ni."

Àmínátù tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. Ìyá àgbà náà ni ó kọjú sí, kò wo Sìdíkátù rárá. "Ìyá, ṣé kí n gbé e lọ ni?"

"Gbé e lọ. Òun gan-an ni kí o gbé lọ, má rán ọmọ ẹlòmíràn."

Àwọn obìnrin náà mi orí, wọ́n gbà. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mọ́kànlá láti òpópónà yẹn nìkan ló dé ilé ìwòsàn, Sìdíkátù kò sì ní láti rìn dé ilé ẹnikẹ́ni lọ pè wọ́n. Ó se abẹ́rẹ́, ó gbé e jáde, ọmú rẹ̀ kún ó sì ń dùn ún, kò sí ọmọ tí á mu ún.